Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ̀ṣọ́ Inú Ilé Àgbà

Ọyẹ́ ti fẹ́ dé, ọdún sì ń bọ̀. Gbogbo lẹ́tà tó ń wọlé fún wa báyìí kò ju ọ̀rọ̀ ilé ẹbí lọ: àwọn ilé alámọ̀ àti pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó kọ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, tí àwọn ọmọ àti ọmọọmọ fẹ́ tún inú rẹ̀ ṣe kí àwọn ará Èkó tó dé. A yan mẹ́fà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè iye tí káfíńtà ń gbà, ẹ dákun, ẹ bá káfíńtà yín sọ ọ́. Iye ọjà kò ní dúró dè wá títí a ó fi tẹ ìwé jáde.

Ìbéèrè: Ilé bàbá bàbá wa ni, alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Pálọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 16, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pupa onípólíìṣì. Àga mẹ́rin onígi pupa wà níbẹ̀, àti kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, àpótí aṣọ ìyá àgbà, agogo ara ògiri àti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kòkó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí a ra sẹ́ẹ̀tì tuntun, kí a sì ṣe POP sí àjà. Èmi fẹ́ pa tàtijọ́ àti tuntun pọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ di ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri sì tún ń bó. (Ìjòmù, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ti ibi ọ̀dà tó ń bó bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ọ̀ṣọ́ tó ń pẹ́ lára ògiri tútù. Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, omi náà a sì máa gbẹ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, tí wọ́n tún kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dà olóròóró, wọ́n ti dí ọ̀nà àbájáde mọ́ ọn. Ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì ni omi wá ń gbà gòkè, ibi tó bá sì ti rí àyè ni ọ̀dà ti ń wú. Ẹ fi eegun ìka kan ògiri náà láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 4. Ibi tó bá dún bí ohun tó ṣófo, sìmẹ́ǹtì ti yà lára amọ̀ níbẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan inú, ẹ jáde síta. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àgbà, àgbàlá ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ nítorí kọnkéré tí wọ́n ń dà lé kọnkéré láti ọdún yìí wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri títí yóò fi fi íǹṣì 6 relẹ̀ ju inú ilé lọ, kó sì dà síta, íǹṣì 1 nínú ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ fi gọ́tà sí etí páànù kí ọ̀sọ̀rọ̀ má baà máa ta sí ẹsẹ̀ ògiri. Lẹ́yìn èyí ni kí bíríkìlà ṣí sìmẹ́ǹtì tó ti yà, kó ṣí i kọjá àbàwọ́n tó ga jù ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹ fi ògiri sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọyẹ́ fẹ́ ẹ, láti Oṣù Kejìlá dé Oṣù Kejì. A mọ̀ pé kò ní dùn ún wò lọ́jọ́ ọdún. Ẹ gbé àga dí i.

Amọ̀ ni kí wọ́n fi rẹ́ ẹ padà. Bíríkìlà yóò fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ẹ má gbà fún un, torí bó bá dára lọ́dún kan, yóò bó lọ́dún kejì. Amọ̀ pupa tí a ti jọ̀, òṣùwọ̀n 1. Iyanrìn, òṣùwọ̀n 2. Koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan. Kí wọ́n wọ́n omi sí ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kí ìpele kan má sì nípọn ju ìlàjì íǹṣì lọ. Ẹ kọ́kọ́ dán ibi kékeré wò, ẹsẹ̀ bàtà 1 níbùú lóròó, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá sán, amọ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá ń ya lẹ́búlẹ́bú nígbà tí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, iyanrìn ti pọ̀ jù. Láìmù (lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri) tí a pò kó ṣàn bí omi ògì ni kí ẹ fi kùn ún, ìpele 3 tàbí 4. Kí ẹni tó ń kùn ún wọ ìbọ̀wọ́, kó sì dáàbò bo ojú rẹ̀, torí láìmù a máa jó ara.

Wàyí o, ẹrù. Pálọ̀ kì í di ìkẹ́rùsí nítorí pé nǹkan àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ó ń di bẹ́ẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ bá fẹ́ jẹ́ olórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yan ọ̀kan tí yóò jẹ́ baálé. Nínú èyí tí ẹ kà sílẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni àwa yóò mú. Ẹ gbé e sí ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì fi íǹṣì 2 yà á kúrò lára ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì lè tètè rí ikán bó bá ń gòkè. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ jáde tán, kí ẹ dá ìdajì péré padà: abọ́ tánńganran ní pẹpẹ kan, igbá fínfín ní èkejì. Ìdajì tó kù, ẹ kó o sínú àpótí ìyá àgbà. Bó bá di ọdún Àjíǹde, ẹ pààrọ̀ wọn.

Àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọdọ̀ kúrò. Bí wọ́n bá jẹ́ ìrókò tàbí ọ̀gànwó, ẹ kò ní rí irú igi bẹ́ẹ̀ rà lówó pọ́ọ́kú mọ́. Kí káfíńtà tó fi sáńpépà kàn wọ́n, ẹ fi òwú tó rin sípíríìtì pa abẹ́ ìjókòó kan fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń lẹ̀, pólíìṣì àtijọ́ tó ń yọ́ nínú sípíríìtì ni. Ẹ kò nílò láti há a, pólíìṣì irú rẹ̀ tí a fi òwú pa lé e ní ìgbà 3 tàbí 4 yóò jí i dìde. Bí kò bá lẹ̀, fánííṣì ni, ẹ lè há a: sáńpépà 80, lẹ́yìn náà 120, kí ẹ fi 220 parí rẹ̀, kó sì máa tẹ̀lé ìlà igi. Fóòmù líle, íǹṣì 4 ní ìjókòó, íǹṣì 3 ní ẹ̀yìn. Ẹ má fi aṣọ kan náà bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí méjì wọ kíjìpá, kí méjì wọ àdìrẹ aláró. Àmọ́ aró tòótọ́ a máa ta sára aṣọ funfun ẹni tó bá jókòó lé e, nítorí náà, ẹ fọ àdìrẹ náà ní omi tútù títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí wọ́n tó gé e.

Ẹ̀gbọ́n yín lè ra àga aláṣọ kan ṣoṣo, èyí tó gba ẹni mẹ́ta, tí apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Odindi sẹ́ẹ̀tì ńlá a máa gba ẹsẹ̀ bàtà 3 lára ògiri kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tò ó yí pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 14 ká, kò ní sí àyè fún àga bàbá àgbà mọ́, bóyá ohun tí wọ́n sì fẹ́ gan-an nìyẹn.

Àwọ̀ mẹ́ta tó: pupa ilẹ̀ onípólíìṣì yẹn, àwọ̀ igi, àti aró. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìkẹrin kún un, kó wà lára ohun kékeré tó ṣeé gbé kúrò. Kí ẹ tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú lóròó mọ́ ilẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Bí ìrì bá wà lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ yẹn lómi. Ẹni híhun ni kí ẹ tẹ́, kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà, tí yóò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí yóò sì hu funfun. Òṣùwọ̀n kòkó ń kọ́? Ẹ má gbé e kọ́ ara ògiri amọ̀ láéláé. Orí àpótí ni kó wà, tàbí kí ẹ so ó mọ́ igi àjà gan-an.

Ọ̀rọ̀ POP: bí àjà yín bá jẹ́ pákó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. POP yóò bo ibi tí òrùlé ti ń jò àti ibi tí ikán ti ń jẹun, ìgbà tó bá já lulẹ̀ lẹ tó máa mọ̀. Bí àjà bá sì jẹ́ páálí eérú líle ti àtijọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ asbestos. Ẹ má gé e, ẹ má ha á, ẹ má lu ú ní ìṣó; eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bó bá ṣì le, tí kò fọ́, ọ̀dà ni kí ẹ fi bò ó.

Ìbéèrè: Pákó ni ilẹ̀ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì wa, ó sì ń han bí a bá ń rìn. Bíríkìlà ní kí a da kọnkéré fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, kí a fi táìsì sí i. Ṣé kò séwu? (Òkè-Líṣà, Oǹdó)

Ìdáhùn: Ewu wà. Sìmẹ́ǹtì tó nípọn tó íǹṣì kan àti ààbọ̀, pẹ̀lú táìsì lórí rẹ̀, súnmọ́ 100 kílò nínú mítà 1 níbùú lóròó. Yàrá mítà 4 sí 4 yóò wá gba nǹkan bí 1,600 kílò, ẹ kò tíì gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Àwọn igi ìdábùú tó gbé pákó yẹn dúró, èèyàn àti ẹrù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ká tilẹ̀ ní wọ́n gbà á, igi a máa tẹ̀ díẹ̀, táìsì kì í tẹ̀, ojú ìlẹ̀pọ̀ yóò là, omi ìnulẹ̀ yóò sì máa gba ibẹ̀ wọ inú igi.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ ṣí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìta, kí ẹ fi síkúrù-dírẹ́bà gún orí igi ìdábùú níbi tó ti wọ ògiri. Ibẹ̀ ni ìjẹrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá wọlé ju ìlàjì íǹṣì lọ, igi náà ti rọ̀, káfíńtà ní láti fi igi tuntun há a lẹ́gbẹ̀ẹ́: kí igi tuntun náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 lára ibi tó ṣì le, kí ó fi bóòtù mẹ́rin dè é, ìṣó nìkan kò tó. Pákó tó ń han, ìṣó rẹ̀ ló ti tú. Ẹ má tún kan ìṣó lé ìṣó. Síkúrù íǹṣì 2 àti ààbọ̀ ni kí wọ́n fi mú un mọ́ igi ìdábùú, kí orí rẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tí a pò mọ́ gọ́ọ̀mù dí i. Lẹ́yìn náà, sáńpépà, kí ẹ sì kun fánííṣì ilẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìpele kan gbẹ dé ọjọ́ kejì kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Ẹ má ṣe é nígbà òjò, yóò hu funfun. Ẹni tó bá fẹ́ táìsì dandan, ó wà nísàlẹ̀, kó lọ fi sí ilé ìdáná.

Ìbéèrè: Àwòrán àwọn òbí wa tó 20, wọ́n wà lókè lábẹ́ àjà, òmíràn ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Sányán bàbá wa sì wà tí kò ya. Mo fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ sí ògiri kan. Ìṣó kì í sì í dúró lára ògiri wa. (Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ìṣó kò ní dúró lára amọ̀, bẹ́ẹ̀ ni rọ́lù-púlọ́ọ̀gì oníke kò ní dúró. Pákó kan gbọọrọ, íǹṣì 1 sí 3, ni kí káfíńtà fi gba ìbú ògiri náà já ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 7. Ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2, kó dá ihò tó jìn ní íǹṣì 4, kó fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde, kó gbá èèkàn igi líle wọlé pẹ̀lú amọ̀ tútù, kó fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó gbẹ. Inú èèkàn yìí ni síkúrù yóò wọ̀. Ara pákó náà ni gbogbo férémù yóò máa fi okùn rọ̀ sí, ẹ ó sì lè sún wọn bó ṣe wù yín láìdá ihò mìíràn.

Ẹ to férémù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé wọn sókè. Èyí tó tóbi jù kì í wà láàárín gédégédé, ó sàn kó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àwọn kéékèèké yí i ká, íǹṣì 2 láàárín ara wọn. Kí àárín gbogbo ìtò náà wà ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 5, ibi tí ojú ń bá. Ẹ fi dígí àtijọ́ kan àti àwo kan há wọn láàárín, kó má baà dà bí ara ògiri ilé ìyàwòrán. Férémù kò gbọdọ̀ jọra, ṣùgbọ́n kí páálí tó yí àwòrán ká jẹ́ àwọ̀ kan fún gbogbo wọn. Òun ni yóò so wọ́n pọ̀. Páálí yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí àwòrán fara kan gíláàsì. Bí kò bá sí i, ọ̀rinrin òjò yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀, ohun tó ṣe tiyín gan-an nìyẹn.

Èyí tó ti lẹ̀, ẹ má fà á, ẹ má rẹ ẹ́ sómi. Ojú àwòrán ni yóò bá gíláàsì lọ. Ẹ fi gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti orí gíláàsì nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò tan mọ́ ọn lójúkorojú, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ gbé kọ́. Ojúlówó rẹ̀, inú bébà funfun tó mọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú ọ̀rá.

Sányán: ẹ má gé e, ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ẹ wá pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi aṣọ òwú funfun tí a ti fọ̀ bò ó, kí ẹ fi òwú tín-ín-rín rán sányán náà mọ́ ọn lókè nìkan, kí abẹ́ rẹ̀ máa rọ̀ sílẹ̀. Bó bá máa wọ inú gíláàsì, kí àyè íǹṣì 1 wà láàárín. Ògiri tí oòrùn kì í bá ni kó wà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi òwú yí i mọ́ ọ̀pá, ẹ má ká a, torí ojú ìká ni aṣọ àgbà ti ń já. Káńfọ̀ lè wà nínú àpótí, àmọ́ kó wà nínú àpò aṣọ tirẹ̀, kó má fara kan aṣọ.

Ìbéèrè: A rí ère méjì àti ilẹ̀kùn fínfín kan ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹnìkan ti fi owó gidi lọ̀ wá. Ṣé ká tà á ká fi ṣe pálọ̀? (Oǹdó)

Ìdáhùn: Ẹ má tà á fún un. Òfin ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ọdún 1979 ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe kí ọdún 1918 tó dé, àti èyí tí wọ́n lò fún orò tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀ nígbàkígbà, mọ́ ohun àjogúnbá. Àjọ NCMM, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àti àwọn tí wọ́n fún ní àṣẹ nìkan ló lè rà á, kò sì gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ ya àwòrán wọn níwá lẹ́yìn, kí ẹ wọn gíga wọn, kí ẹ fi ẹ̀dà sọ́wọ́ olórí ẹbí. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá wà lára ère, ẹ so ó sínú ọ̀rá fún oṣù kan. Bí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá dà sílẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀, kó má tíì wọ pálọ̀. Ẹ má fi fánííṣì kun ère, ẹ má fi òróró pa á. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ ti tó. Ilẹ̀kùn yẹn ni kó jẹ́ baálé pálọ̀ yín: ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn ti ògiri lórí pátákó tó ga ní íǹṣì 2, kó má fara kan ilẹ̀.

Ìbéèrè: Bojì bàbá wa wà nínú yàrá iwájú, táìsì funfun ló bò ó. Táìsì náà ń ṣí, àwọn àlejò sì ń jókòó lé e. (Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ gba ẹnu olórí ẹbí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kì í ṣe ti ìwà ọmọlúwàbí nìkan: owó tí ẹnìkan bá ná sí ilé ẹbí kò sọ ilé di tirẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo yín mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Táìsì ń ṣí torí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń rì. Táìsì àti sìmẹ́ǹtì tó mú un nìkan ni kí wọ́n ṣí. Bí kọnkéré ìbòrí kò bá tíì là, ẹ má dé ìdí rẹ̀. Bó bá ti là, ìpàdé ẹbí ló kàn. Dípò táìsì funfun, tẹ̀ràsò tó bá àwọ̀ ilẹ̀ mu ni kí ẹ fi bò ó. Ẹ gbé àwòrán àti orúkọ bàbá sí ògiri orí rẹ̀, kí ẹ fi tábìlì gbọọrọ kan sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí àwòrán bá wà, àlejò kì í jókòó. Ẹ má gbé ìkòkò òdòdó sórí rẹ̀, omi rẹ̀ ni yóò tún ṣí i.

Ìbéèrè: Iná wo ló yẹ irú ilé yìí? (Oǹdó)

Ìdáhùn: Ẹ wo wáyà kí ẹ tó wo gílóòbù. Wáyà tí rọ́bà rẹ̀ bá ń fọ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí oníná pààrọ̀ rẹ̀ pátá: 1.5 mm² fún iná, 2.5 mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 mm² fún ẹ̀rọ amúlétutù. Kó gba orí ògiri nínú páìpù tín-ín-rín, kó má gbẹ́ ògiri amọ̀. Gílóòbù aláwọ̀ ẹyin, èyí tí wọ́n kọ 3000K tàbí 2700K sí lára; iná funfun máa ń mú igi pupa dà bí eérú. Ẹ má gbára lé iná àárín àjà nìkan. Kí ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kí ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ọ̀kan wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn àpótí, kí méjì nínú wọn sì jẹ́ èyí tó ń gba iná pamọ́, nítorí NEPA. Bí ẹ bá ra iná ńlá aláso, ara igi àjà gan-an ni kí ìkọ́ rẹ̀ mú, kì í ṣe ara páálí àjà.